Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ àti Arọ Tí Kò Rówó Ọkọ̀

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. A gbà. Àmọ́ bí arọ bá gbọ́n, tí kò rówó ọkọ̀ ńkọ́?

Kòkòrò àrùn hepatitis B ló mú wa béèrè. Ó lè wà nínú ẹ̀dọ̀ fún ọdún 30 kí olúwarẹ̀ má mọ nǹkan kan. Àwọn kan á gbé e dọ́jọ́ ogbó. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ló máa já sí fún àwọn mìíràn. Báwo la ṣe máa dá wọn mọ̀? Ní 2006, àwọn olùwádìí ní Taiwan gbé àbọ̀ iṣẹ́ jáde lórí ènìyàn 3,653 tó ní kòkòrò náà: bó ṣe ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ni ewu jẹjẹrẹ ń ga sí i. Àmì mìíràn wà nínú àjogúnbá: oríṣi jíìnì PNPLA3 kan máa ń jẹ́ kí ọ̀rá jókòó sínú ẹ̀dọ̀, ó sì ń dá kún ewu, pàápàá fún ẹni tó ń mutí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó jẹ́ ọmọ ogun ara náà ní tiwọn: bí ìjà bá pẹ́ jù, á rẹ̀ wọ́n, àmì PD-1 á sì pọ̀ lára wọn.

Àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fẹ́ràn irú èyí. Kó àmì jọ, fi ọjọ́ orí kún un, ṣírò ẹ̀, máàkì ewu ti jáde nìyẹn. Àmọ́ iṣẹ́ wa náà ló kọ́ wa pé alert tó ń dún lóru, tí kò sẹ́ni tó máa dìde sí i, ariwo lásán ni.

Ẹni tí a sọ fún pé ewu rẹ̀ ga nílò scan ẹ̀dọ̀ ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ó lè nílò oògùn tó ń tẹ kòkòrò náà rì. Ó nílò ọ̀gá tí kò ní tìtorí àyẹ̀wò lé e níṣẹ́, àti ará ilé tí kò ní ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, nítorí àjọjẹ kì í ran hepatitis B.

Ṣé ká wá panu mọ́ ni? Rárá o. Àìmọ̀ kì í dá kòkòrò dúró. Ohun tí a ń sọ ni pé ìkìlọ̀ máa ń di gbèsè sọ́rùn ẹni tó ṣe é: ìjọba, ilé ìwòsàn, àti àwa tí a kọ ètò náà. Ó kéré tán, ojú ìwé tó bá gbé máàkì ewu jáde gbọ́dọ̀ sọ ibi tí scan wà nítòsí àti iye tó jẹ́. Bí a kò bá lè ṣe ìyẹn, ètò náà kò tíì parí.