Omi Lè Dànù, Kí Agbè Má Fọ́

Òwe méjì wà tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́, tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Ọ̀kan wí pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Èkejì wí pé ọ̀kánjúwà ni baba àrùn. Ti ìṣáájú ń ti ènìyàn síwájú, ti ìkejì ń fà á sẹ́yìn. Ọ̀ràn tí a fẹ́ yẹ̀ wò pẹ̀lú ẹ̀yin òǹkàwé wa wà láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tí ènìyàn bá ti ṣe làálàá títí, tí èrè rẹ̀ sì kù dẹ̀dẹ̀, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó tún fi gbogbo ohun tí ó ní wewu nítorí èrè tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ? Tàbí kí ó dúró jẹ́ẹ́, kí ó gba ìwọ̀nba tí ó ti dé ẹnu ọ̀nà?

Bóyá ni ibì kan wà tí ó yẹ fún ìbéèrè yìí ju Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn lọ. Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn, ibùdó rẹ̀ sì wà ní àgbègbè Dùgbẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹrù oko ti ń lọ sí Èkó, tí ó sì ń ré kọjá òkun. Ibẹ̀ náà ni Ilé Kòkó dúró sí, ilé alájà 26 tí a parí ní 1965, tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé mọ̀ pé owó kòkó ni a fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ilé gíga náà kò lè sọ fún ẹni tí ó ń wò ó: iye àwọn tí kòkó sọ di olówó, tí kòkó kan náà sì tún sọ di ajigbèsè. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, iye kòkó gòkè gidigidi ní 1919 àti ní ìbẹ̀rẹ̀ 1920. Kí ọdún 1920 tó parí, ó ti já wálẹ̀. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n ti yáwó ra ọjà pamọ́, tí wọ́n ń retí pé yóò tún gòkè díẹ̀ sí i, ni ìparun dé bá jùlọ.

Kì í ṣe ìtàn àtijọ́ nìkan ni èyí. Láti 1947 títí di 1986, ìgbìmọ̀ ìjọba ni ó ń dá iye tí a óò ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, kò sì sí ohun púpọ̀ tí àgbẹ̀ lè yàn fún ara rẹ̀. Nígbà tí ìjọba tú àwọn ìgbìmọ̀ náà ká ní 1986, olúkúlùkù di ẹni tí yóò fúnra rẹ̀ pinnu ìgbà tí yóò tà. Ní 2024, nítorí pé ìkórè kùnà ní Côte d'Ivoire àti ní Gánà, tí àrùn igi àti ojú ọjọ́ tí kò dára sì dá kún un, iye kòkó ní ọjà New York kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan ní Oṣù Kẹta, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní Oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ó kọjá 12,000. Kí 2025 tó parí, ó ti wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ọkùnrin méjì ní àkókò náà. Ọ̀kan jẹ́ àgbẹ̀ tí ó ní àpò kòkó mẹ́wàá nínú àká. Èkejì jẹ́ oníṣòwò tí ó ti gba owó lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, tí ó fi ra igba àpò. Ìròyìn ń dé lójoojúmọ́ pé ọjà ń gòkè. Àwọn méjèèjì wí ohun kan náà: “Ẹ jẹ́ kí ó tún gòkè díẹ̀.” Ǹjẹ́ ọgbọ́n ni èyí, tàbí òmùgọ̀? Kí á tó dáhùn, a óò lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ibi tí ó lè ya àwọn kan lẹ́nu.

Eré káàdì kan wà tí wọ́n ń pè ní poker. A kò kọ èyí láti yin tẹ́tẹ́. A ti rí ilé tí tẹ́tẹ́ tú, a sì bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ pé kí ẹ yàgò fún un. Ṣùgbọ́n Olúwa wa pàápàá fi ìríjú aláìṣòótọ́ ṣe àkàwé, nítorí náà kò burú bí a bá wo ọgbọ́n àwọn ọmọ ayé. Ní ìdíje ńlá tí a ń ṣe lọ́dọọdún ní Las Vegas ní Amẹ́ríkà, olúkúlùkù ń san 10,000 dọ́là kí ó tó wọlé, wọ́n sì ń fún un ní àwọn ẹyọ pẹlẹbẹ tí yóò máa fi ta. Ẹni tí ẹyọ rẹ̀ bá tán, ó jáde. Ní 2023, ènìyàn 10,043 ni ó wọlé. Àwọn 1,507 tí ó kẹ́yìn nìkan ni ó gba èrè. Ẹni tí ó borí gba 12,100,000 dọ́là, ẹni tí èrè rẹ̀ kéré jù sì gba 15,000. Ẹ rò ó wò: ẹni tí ó ṣubú díẹ̀ kí ó tó kan àwọn tí ó gba èrè ti fi ọjọ́ mélòó kan jókòó, ó ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọ́n ṣubú ṣáájú rẹ̀, ó sì lọ sílé lọ́wọ́ òfo.

Àwọn ọlọ́gbọ́n nínú eré náà ti ṣírò ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà èrè báyìí, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé sì lè bá wa ṣe é. Ká ní ènìyàn mẹ́rin ni ó kù, tí ẹyọ wọn dọ́gba, tí èrè sì jẹ́ 50 náírà, 30 àti 20 fún ẹni mẹ́ta. Níwọ̀n bí wọ́n ti dọ́gba, ìrètí olúkúlùkù tó 25 náírà. Bí méjì nínú wọn bá kọlu ara wọn pẹ̀lú gbogbo ẹyọ wọn, ẹni tí ó ṣubú pàdánù 25 náírà rẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ó borí ní ẹyọ ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n ìrètí rẹ̀ kò di 50. Nígbà tí a bá gbà pé bí ẹyọ ènìyàn ti pọ̀ tó ni ìrètí ipò kìíní rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ohun tí ó ní kò ju 38 náírà àti kọ́bọ̀ 33 lọ. Ó fi 25 wewu láti jèrè 13 àti ọgbọ̀n kọ́bọ̀ ó lé díẹ̀! Kí irú ewu bẹ́ẹ̀ tó lè tọ́, ó gbọ́dọ̀ dá a lójú pé òun yóò borí ní ìgbà 65 ó lé díẹ̀ nínú 100. Níbo ni ìyókù lọ? Àwọn méjì tí wọ́n káwọ́ gbera ni wọ́n pín in. Ìrètí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di 30 náírà àti kọ́bọ̀ 83, láìgbé ọwọ́ sókè.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: ní ẹnu ọ̀nà èrè, ohun tí a lè sọnù wúwo ju ohun tí a lè rí kún un lọ, bí iye wọn tilẹ̀ dọ́gba lójú. Àpò kòkó kẹwàá àgbẹ̀ wa lè di aṣọ tuntun. Ṣùgbọ́n àpò márùn-ún àkọ́kọ́ ni owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ àti oúnjẹ títí di ìkórè mìíràn. Nítorí náà, bí ó bá ta márùn-ún tàbí mẹ́fà nígbà tí owó dára, tí ó fi ìyókù dúró de ọjà, kò ṣe ojo. Bí ọjà bá gòkè, yóò jẹ níbẹ̀. Bí ó bá wálẹ̀, ọmọ rẹ̀ kò ní kúrò ní ilé-ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé dídúró jẹ́ẹ́ ni ọgbọ́n nígbà gbogbo. Nínú eré tí a sọ, olúkúlùkù gbọ́dọ̀ máa dá ẹyọ sílẹ̀ bí eré ti ń yí po, iye náà sì ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ó ní ẹyọ díẹ̀, tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó ta, yóò rí i pé jíjókòó gan-an ni ó pa òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni kòkó tí kò gbẹ dáradára ń bu nínú àká nígbà tí olówó rẹ̀ ń retí. Àìṣe nǹkan pẹ̀lú jẹ́ ìpinnu, ó sì ní owó orí tirẹ̀. Ẹni tí kò ní ohun púpọ̀ tí ó lè sọnù, tí ọ̀nà mìíràn kò sì sí, òun ni òwe oyin àti àáké ń bá wí.

Ẹ̀kọ́ kejì wúwo ju ti ìṣáájú lọ. Nínú eré náà, ẹni tí ẹyọ rẹ̀ pọ̀ mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba àwọn tí tiwọn kéré, ó sì ń fi ẹ̀rù náà yọ wọ́n lẹ́nu kí wọ́n lè fi ohun tí wọ́n ní sílẹ̀. Òfin eré gbà á láyè. Ṣùgbọ́n olówó tí ó mọ̀ pé owó ilé-ìwé ń lé àgbẹ̀, tí ó sì tìtorí rẹ̀ dá iye tí kò tó fún kòkó rẹ̀, kò lè wí pé eré ni òun ń ṣe. Ibi tí ọgbọ́n eré parí sí nìyí, tí òfin Ọlọ́run sì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹta kan oníṣòwò wa. Eré káàdì kò béèrè ẹni tí ó ni ẹyọ. Ẹ̀rí ọkàn kò lè ṣàì béèrè. Bí ohun tí mo fi wewu bá jẹ́ tèmi, tí mo sì pàdánù rẹ̀, èmi ni n óò sunkún. Ṣùgbọ́n igba àpò náà, owó ẹlẹ́gbẹ́ ni. Bí ó bá jèrè, òun ni yóò gbé agbada dára. Bí ó bá pàdánù, opó kan tí kò mọ ohunkóhun nípa ọjà New York ni yóò sunkún. Kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti fi ohun ẹlòmíràn ra ìgboyà fún ara rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí yín. Ọmọ tí ó ti fi ọdún mẹ́fà kẹ́kọ̀ọ́, tí ó sì ra ìwé ìbéèrè tí a jí gbé ní alẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la, ó ń fi ọdún mẹ́fà wewu nítorí máàkì díẹ̀. Bí wọ́n bá mú un, gbogbo rẹ̀ ni ó lọ. Bí wọn kò tilẹ̀ mú un, ó ti ba ọwọ́ tí ì bá fi gba èrè náà jẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé, bí gbogbo ènìyàn bá ń ṣọ́ra báyìí, ta ni yóò ṣe ohun ńlá? A dáhùn pé ẹni tí ó gbin kòkó ní ìgboyà, nítorí ó ń dúró fún ọdún púpọ̀ kí igi rẹ̀ tó so. Ìgboyà yẹ ìgbà ìgbìn. Ìgbà ìkórè ń fẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ ìtùnú kan fún ẹni tí ó pàdánù: wọ́n ní omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ di ìmọ̀ràn kí àdánù tó dé. Kí á tó fi ohunkóhun wewu, ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: èwo ni omi nínú èyí, èwo ni agbè, ta ni ó sì ni agbè náà?