Ṣé Ọ̀lẹ Ni Ẹni Tí Ó Ti Rẹ̀?
Ẹ̀yin ará wa ní Coolock, bí àwa nọ́ọ̀sì bá parí iṣẹ́ òru, a ó lọ sùn. Àwọn ará wa tí ń kọ́ni ní yunifásítì nílé ńkọ́? Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni wọ́n, nítorí oṣù mẹ́jọ ni ASUU fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022. Ṣùgbọ́n ìjọba dá owó oṣù wọn dúró. Ìsinmi tí ebi wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ìsinmi. Iṣẹ́ tó ti kó jọ ni wọ́n sì padà bá.

Nígbà tí ó rẹ Èlíjà ní aginjù, Ọlọ́run jẹ́ kí ó sùn, ó fún un ní oúnjẹ, kí ó tó bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe. Bí a bá tẹ ẹ̀gbọ́n wa láago, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè: ṣé ẹ rí oorun sùn?