"Màá Ṣe É Tó Bá Dọ̀la": Ẹ̀kọ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́ láti Inú Ìtàn Ka'b ibn Malik

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ẹni tí ó dá òru àti ọ̀sán, tí ó sì fún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n ọjọ́ tirẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn ní ọ̀nà rere títí di Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kì í ṣe ti ẹni tí ó kọ̀ láti kàwé. Ẹni tí ó kọ̀ ti mọ ara rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ náà sì ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹni tí ó fẹ́ kàwé ni, tí ó ti ra ìwé, tí ó ti san owó, tí ó sì ń sọ lójoojúmọ́ pé òun yóò bẹ̀rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́. Àwọn àgbà wa ń pe èyí ní fònídónìí-fọ̀ladọ́la. Àwọn onímímọ̀ ẹ̀sìn ń pè é ní taswiif. Láti ara ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan, "sawfa", ni wọ́n ti fà á yọ, èyí tí Lárúbáwá fi ń sọ pé nǹkan "yóò" ṣẹlẹ̀. Onítaswiif ni ẹni tí "yóò" pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí "mo ti ṣe é" sì ṣọ̀wọ́n níbẹ̀.

Bí a bá fẹ́ mọ bí àrùn yìí ṣe ń ṣe èèyàn, ẹ jẹ́ kí á padà sí Mẹ̀dínà ní ọdún kẹsàn-án Hijra, tí í ṣe ọdún 630 nínú kàlẹ́ńdà òyìnbó. Ní ọdún náà ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pe àwọn Mùsùlùmí sí ìrìn-àjò ogun Tabuk. Ọ̀nà náà jìn, oòrùn mú, aṣálẹ̀ ni wọn yóò sì là kọjá. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, Ànábì kì í fẹ́ kí ibi tí ogun dojú kọ hàn síta, ṣùgbọ́n ní ti Tabuk, ó sọ ọ́ kedere kí oníkálukú lè múra sílẹ̀ dáadáa.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ìpè náà kàn ni Ka'b ibn Malik. Ọmọ Mẹ̀dínà ni, akéwì ni, ó sì wà lára àwọn tí ó bá Ànábì ṣe àdéhùn ní Aqabah kí Ànábì tó ṣe hijra. Kì í ṣe múnááfíkì, kì í sì í ṣe aláìsàn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ ìtàn yìí nígbà tí ó dàgbà, ó sì wà nínú hàdíísì gígùn tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Ó ní ara òun kò le tó bẹ́ẹ̀ rí, ọwọ́ òun kò sì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ rí. Ràkúnmí méjì ni òun ní fún ìrìn-àjò náà, bẹ́ẹ̀ òun kò ní méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ṣáájú ìgbà náà.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Èso ti pọ́n lórí igi, abẹ́ ìbòòji sì tura. Ní àràárọ̀, Ka'b a jáde láti lọ múra pẹ̀lú àwọn èèyàn, a tún padà wálé láìṣe nǹkan kan. Ohun tí ó ń sọ fún ọkàn rẹ̀ ni pé òun lè ṣe é nígbàkígbà tí ó bá wu òun. Báyìí ni ó ń ṣe títí ọjọ́ fi pé, tí Ànábì àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbéra. Ka'b ní kò burú, òun yóò múra láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, òun yóò sì lé wọn bá. Ó jáde lọ́jọ́ kejì, ó padà lọ́wọ́ òfo. Ó tún jáde, ó tún padà. Àwọn ọmọ ogun sì ń lọ kíkankíkan, títí ọ̀nà fi jìn ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè lé bá mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀kọ́ kìíní ni pé agbára ni ó tan Ka'b jẹ. Nígbà tí ó ń sọ pé òun lè ṣe é, kò parọ́. Ó lè ṣe é lóòótọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ràkúnmí kan tí ó yarọ ni ó ní, bóyá ìbá ti tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àbáyọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tí orí rẹ̀ pé. Òun ni ó máa ń sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì ti tó òun láti ka gbogbo ìwé náà tán. Òun ni ó máa ń sọ pé bí ìdánwò kò bá tíì sún mọ́lé, ìwé kì í wọ òun lórí. Ànábì ti kìlọ̀ fún wa, nínú hàdíísì tí Ibn Abbas gbà wá, pé ìdẹ̀ra méjì wà tí púpọ̀ nínú àwọn èèyàn ń pàdánù nínú wọn: ìlera, àti àyè ọwọ́. Ta ni ó ní méjèèjì pọ̀ bí ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́?

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé iṣẹ́ tí a bá sún síwájú kì í dúró dè wá, ńṣe ni ó ń rìn lọ bí ogun Tabuk. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Kí á sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kọ́ọ̀sì mẹ́fà, tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sì ń gba wákàtí méjì kíkà lọ́sẹ̀. Wákàtí 12 nìyẹn lọ́sẹ̀, kò tó wákàtí méjì lójúmọ́. Ẹni tí ó bá sun ún síwájú fún ọ̀sẹ̀ 12 ti jẹ gbèsè wákàtí 144. Gbogbo wákàtí tí ó wà nínú ọ̀sẹ̀ kan kò ju 168 lọ. Bí ó bá wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, wákàtí 24 péré ni ó kù fún un láti sùn, láti jẹun, láti wẹ̀ àti láti kírun fún odindi ọjọ́ méje. Kò sí ẹni tí ó lè ṣe èyí. Ohun tí ó rọrùn fún un ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ti di òkè tí kò ṣe é gùn. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni ó wúwo jù lọ, òun sì ni ó mú wa yan ìtàn yìí. Fònídónìí-fọ̀ladọ́la kì í fi èèyàn sílẹ̀ ní ibi tí ó ti bá a. Ẹnu ọ̀nà irọ́ ni ó máa ń mú un dé. Nígbà tí Ka'b gbọ́ pé Ànábì ti ń padà bọ̀ láti Tabuk, ìdààmú bá a, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú irọ́ tí yóò pa tí òun yóò fi yọ. Àwọn tí ó lé ní ọgọ́rin ni wọ́n wá síwájú Ànábì, tí wọ́n ń rojọ́, tí wọ́n sì ń búra. Ànábì gba ohun tí wọ́n fi ẹnu sọ, ó sì fi ohun tí ó wà nínú wọn lé Ọlọ́hun lọ́wọ́.

Ẹ wo bí ó ṣe rí ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá nígbà tí ó yẹ ni yóò da ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kọ. Ẹni tí prójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń dì í ni yóò sanwó fún ẹlòmíràn láti bá a kọ ọ́, tí yóò sì fi orúkọ ara rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ẹni tí kò kàwé ni yóò gbé bébà wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, tàbí kí ó wá ìwé irọ́ gbà pé ara òun kò yá. Bí àwọn òbí bá béèrè, a ní olùkọ́ ni kò fẹ́ràn òun. Púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí kò ní in lọ́kàn láti jalè nígbà tí sẹ́mẹ́sítà bẹ̀rẹ̀. Ìmẹ́lẹ́ kékeré ni wọ́n gbà láyè, ó sì fà wọ́n dé ibi tí wọn kò rò.

Ka'b kò wọ ẹnu ọ̀nà náà. Ó jókòó síwájú Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ó ní òun kò ní àwíjàre kankan. Òtítọ́ yìí ná an ní nǹkan ńlá. Àádọ́ta òru ni àwọn Mùsùlùmí kò fi bá òun, Murarah ibn ar-Rabi' àti Hilal ibn Umayyah sọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn méjì yìí náà sọ òtítọ́ bíi tirẹ̀. Ọba Ghassan kọ lẹ́tà sí Ka'b pé kí ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ka'b ju lẹ́tà náà sínú iná. Nígbà tí ó di àárọ̀ ọjọ́ àádọ́ta, lẹ́yìn tí ó kírun Àsùbáà tán, ó gbọ́ ohùn ẹni tí ó ń pariwo láti orí òkè Sal' pé kí ó yọ̀: Ọlọ́hun ti gba ìrònúpìwàdà wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú Súratu Tawbah, áyà 118. Ní áyà tí ó tẹ̀lé e gan-an ni Ọlọ́hun ti pa àwọn onígbàgbọ́ láṣẹ pé kí wọ́n wà pẹ̀lú àwọn olódodo.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ọ̀ràn yìí bá ti bá, kí ó má ṣe fi irọ́ lé ìmẹ́lẹ́ lórí. Kí ó lọ bá olùkọ́ rẹ̀, kí ó sọ òtítọ́. Kí ó sọ fún òbí rẹ̀. Kí ó gba ìyà tí ó bá tọ́ sí i, kí ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Kíkùnà kọ́ọ̀sì kan pẹ̀lú òtítọ́ sàn ju yíyege tí a óò jíhìn rẹ̀ lọ́la níwájú Ọlọ́hun.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Ọlọ́hun kọ́ wa nínú Súratul-Kahf pé kí á má ṣe sọ pé a óò ṣe nǹkan kan lọ́la láìfi ti ìfẹ́ Rẹ̀ kún un. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé in shaa Allah. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kan ti sọ gbólóhùn mímọ́ yìí di ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́. Bí a bá gbọ́ "in shaa Allah" lẹ́nu wọn, a ti mọ̀ pé wọn kò ní í ṣe é. Àwọn mìíràn sì wà tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń bojú: ìpàdé lónìí, wáàsí lọ́la, ìwé kò sì ṣí. Ẹ jọ̀wọ́, Mùsùlùmí tí ó ń kùnà ní kíláàsì nítorí ìpàdé kò gbé ẹ̀sìn ga lójú àwọn tí ó ń wò ó.

A kò sọ pé gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá pẹ́ ni ọ̀lẹ. Nínú Súratu Tawbah kan náà, Ọlọ́hun yọ aláìlera, aláìsàn àti ẹni tí kò ní ohun tí yóò ná kúrò nínú ẹ̀bi. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ kí ó lè san owó ilé ẹ̀kọ́ wà láàárín wa. Arábìnrin tí ó ń dáná, tí ó ń fọṣọ, tí ó sì ń tọ́jú àbúrò kí ó tó rí ìwé ṣí náà wà, nígbà tí arákùnrin rẹ̀ jókòó sídìí bọ́ọ̀lù. Kí irú arákùnrin bẹ́ẹ̀ dìde, kí ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ànábì fúnra rẹ̀ máa ń ran àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ilé.

Kí ni kí á wá ṣe? Ọlọ́hun ti bá wa pín ọjọ́ sí ọ̀nà márùn-ún pẹ̀lú ìrun wákàtí márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí á so iṣẹ́ wa mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, kí ẹ tó sùn, ẹ kọ iṣẹ́ ọjọ́ kejì sórí bébà, kí ó má ṣe ju mẹ́ta lọ. Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé "màá kàwé", nítorí "màá kàwé" kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní òpin. Ẹ kọ ọ́ pé: lẹ́yìn Àsùbáà, ojú-ìwé mẹ́wàá nínú ìwé kẹ́mísìrì, lẹ́yìn Alásàrí, ìbéèrè márùn-ún nínú ìṣirò.

Iṣẹ́ tí ó bá le jù ni kí ẹ fi sí ẹ̀yìn Àsùbáà. Ànábì tọrọ àlùbáríkà fún ìjọ rẹ̀ nínú òwúrọ̀ kùtùkùtù. Sakhr al-Ghamidi tí ó gba hàdíísì náà wá jẹ́ oníṣòwò. Òwúrọ̀ ni ó máa ń rán ọjà rẹ̀ jáde, ó sì di olówó.

Iṣẹ́ tí ó bá tóbi, ẹ gé e kékeré. Kò sí ẹni tí ó lè kọ prójẹ́ẹ̀tì lónìí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè kọ abala kan. Iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù, gẹ́gẹ́ bí Ànábì ti kọ́ wa, ni èyí tí a ń ṣe déédéé, bí ó tilẹ̀ kéré. Díẹ̀ díẹ̀ ni eku ń jawọ.

Ní ti fóònù, ẹ gbé e jìnnà sí ibi tí ẹ ti ń kàwé. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí a fi wo ohun tí àwọn èèyàn ń sọ kì í mọ ní márùn-ún. Kí ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ sì máa bi ara wọn léèrè lẹ́yìn ìrun Jímọ̀: kì í ṣe "ṣé dáadáa ni?" bí kò ṣe "kí ni o parí lọ́sẹ̀ yìí?"

Paríparí rẹ̀, ẹ má ṣe gbàgbé àdúà. Ànábì, pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tí ó ṣe láyé, máa ń sá di Ọlọ́hun kúrò lọ́wọ́ àìlèṣe àti ìmẹ́lẹ́. Bí òun bá ń tọrọ rẹ̀, àwa ńkọ́?

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa, iṣẹ́ kan wà tí oníkálukú ń rántí bí ó ti ń ka ìwé yìí. Bí ẹ bá ti kà á dé ìparí, ẹ má ṣe tún dúró de ọ̀la. Ẹ dìde, ẹ ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ìrun tí ó kàn tó wọlé.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí àsìkò wa, kí Ó mú ìmẹ́lẹ́ kúrò lára wa, kí Ó kà wá mọ́ àwọn olódodo, kí Ó sì jẹ́ kí ìmọ̀ wa ṣe wá láǹfààní láyé àti lọ́run. Aamiin.