Àgbà Odù Náà Gbọ́dọ̀ Hù

Nígbà tí babaláwo bá fẹ́ mọ èyí tí Ifá fọwọ́ sí nínú ọ̀nà méjì, ìbò ló máa ń lò. Ẹni tó wá ṣàyẹ̀wò á di owó ẹyọ mú lọ́wọ́ kan, á di eegun mú lọ́wọ́ kejì, babaláwo kò sì ní mọ èyí tó wà níbo. Wọ́n á da ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Odù méjì á yọ, èyí tó bá jẹ́ àgbà nínú wọn ni yóò sì sọ ọwọ́ tí wọn yóò ṣí. Ẹni tó bá mọ Ifá díẹ̀ mọ̀ pé Èjì Ogbè ni àgbà, Ọ̀yẹ̀kú tẹ̀ lé e, Ìwòrì tẹ̀ lé ìyẹn, títí dé Òfún. Àmọ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn tí a jọ ń jiyàn lórí họ́kì níbí: Èjì Ogbè ò lè fi àgbà rẹ̀ ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ tí kò bá hù. Bí ó bá jẹ́ Ọ̀wọ́nrín àti Ọ̀bàrà ló yọ, àwọn méjèèjì ni yóò parí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà láàárín ara wọn. Bí Èjì Ogbè bá sì hù, kò sí odù tó lè sọ pé òun ò gbà.

Forestville ni mò ń gbé, ní Prince George's County, ìpínlẹ̀ Maryland. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá agbègbè yìí, bọ́ọ̀lù afẹsẹ̀gbá la gbé wá láti ilé, họ́kì orí yìnyín sì jọ eré àwọn tí wọ́n bí sínú òtútù. Ní tèmi, Washington Capitals ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Iyàn kan tó gba ẹnu wa ni ti Alex Ovechkin, balógun ẹgbẹ́ náà, tó pé ogójì ọdún ní Oṣù Kẹsàn-án 2025. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gẹrun fún mi ní Marlboro Pike ò fi bò rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, bàbá yìí ò sáré mọ́. Kí wọ́n jẹ́ kó lọ sinmi, kí àwọn ọmọdé ráyè." Mo ní, "Àbúrò, ní sáà tó ṣáájú kó tó pé ogójì, ta ló gbá góòlù jù fún wọn?" Ó dá ẹ̀rọ ìgẹrun dúró, ó ní òun mọ̀ pé òun náà ni.

Òun ni lóòótọ́. Ní sáà 2024 sí 2025, eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ní Oṣù Kọkànlá, wọ́n gbá eré 16 láìsí i níbẹ̀, síbẹ̀ ó gbá góòlù 44 wọlé nínú eré 65. Ní ọjọ́ kẹfà Oṣù Kẹrin 2025 ló gbá góòlù 895 rẹ̀, tó fi kọjá 894, góòlù tó pọ̀ jù lọ nínú líìgì NHL, tí Wayne Gretzky fi sílẹ̀ ní 1999. Ojú kan náà ló sì máa ń dúró sí, ní apá òsì, lórí òbìrí pupa tó wà lẹ́bàá ilé àwọn alátakò. Gbogbo aṣọ́lé inú líìgì ló mọ ibẹ̀. Ó á ti gbé ọ̀pá sẹ́yìn kí puck, ìyẹn ohun tí wọ́n ń gbá, tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sì ní dá a dúró kó tó gbá a. Aṣọ́lé mọ̀ pé ó ń bọ̀, ó sún síbẹ̀, ó pẹ́ jù.

Ọmọ yẹn ò purọ́ pé kò sáré mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kó yà sọ́tọ̀ ni pé nǹkan méjì la máa ń dà pọ̀ tí a bá ń sọ̀rọ̀ àgbà eléré: ipò rẹ̀ àti iyì rẹ̀. Ipò ni kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ogún ẹni tó máa wọ bàtà yìnyín lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn méjìdínlógún tó ń sáré àti aṣọ́lé méjì. Èyí dà bíi dída ọ̀pẹ̀lẹ̀, gbogbo ìgbà la gbọ́dọ̀ máa tún un bi. Iyì ni gbèsè tí a jẹ ẹ́ nítorí ọdún tó ti lò fún wa, ìyẹn kò sì sí lọ́wọ́ ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá torí iyì fi àgbà sí ipò tí kò lè ṣe mọ́ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ẹgbẹ́ tó bá gba ipò, tó tún gba iyì mọ́ ọn, àwọn ọmọdé inú rẹ̀ ń wò, wọ́n sì ti mọ bí wọn yóò ṣe ṣe àwọn náà tó bá di ọ̀la.

Ibi tí ọmọdé kan ò ti rí àgbà tó máa dì í mú ò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Beltway láti Forestville lọ sápá àríwá, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí àmì Arena Drive. Gbọ̀ngàn eré tí wọ́n torí ẹ̀ sọ ọ̀nà náà bẹ́ẹ̀ ti di wíwó láti 2002. Capital Centre ni, ní Landover. Abe Pollin ló kọ́ ọ, ibẹ̀ sì ni Capitals ti ń gbalejò láti 1974 títí di Oṣù Kọkànlá 1997. Nínú eré 80 ti sáà àkọ́kọ́, mẹ́jọ péré ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 67. Àwọn ẹgbẹ́ tó ti wà tẹ́lẹ̀ kó àwọn tó dáa nínú àwọn eléré wọn pamọ́, wọ́n ní kí ẹgbẹ́ tuntun wá ṣà nínú ìyókù. Àárín irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ju Mike Marson sí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún láti Kánádà. Òun ni aláwọ̀ dúdú kejì tó gbá eré ní NHL, lẹ́yìn Willie O'Ree tó ṣáájú ní 1958. Wọ́n bú u, wọ́n fi ikú halẹ̀ mọ́ ọn. Bill Riley, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, dara pọ̀ mọ́ ọn níbẹ̀, àmọ́ òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni. Nígbà tó fi máa di 1980, Marson ti kúrò nínú líìgì. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Landover ìgbà yẹn, ọjà ló kún, àgbà ni kò sí.

Mi ò sọ pé kí ẹgbẹ́ má ta ẹnikẹ́ni láéláé. Ní Oṣù Kẹsàn-án 1982, David Poile tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àkóso ẹgbẹ́ náà fi balógun rẹ̀, Ryan Walter, pẹ̀lú Rick Green ránṣẹ́ sí Montreal, ó sì gba ẹni mẹ́rin padà, Rod Langway sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Láti 1974, Capitals ò tíì dé ìpele ìdíje ife rí. Ní 1983 wọ́n dé ibẹ̀. Langway gba ẹ̀bùn Norris tí wọ́n ń fún adènà tó dáa jù lọ lọ́dún náà, ó tún gbà á lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ní kí n dìbò lọ́jọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí n sọ pé wọn ò gbọdọ̀ ta balógun. Ifá á ti fi eegun hàn mí, ìyẹn ni pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ti Mike Gartner ló ṣì ń dùn mí. Ọdún mẹ́wàá ló lò níbí, góòlù 397 ló gbá fún wa. Ní Oṣù Kẹta 1989 wọ́n fi òun àti Larry Murphy ránṣẹ́ sí Minnesota. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Góòlù 708 ló ní kó tó fẹ̀yìn tì, Murphy sì gba ife Stanley Cup lẹ́ẹ̀mẹrin níbòmíràn. Pé wọ́n tà á, mo lè fara mọ́ ọn, ẹni tó ń ṣàkóso lè rí ohun tí èmi ò rí. Àmọ́ Oṣù Kejìlá 2008 ni wọ́n tó gbé nọ́ńbà 11 rẹ̀ kọ́ sókè gbọ̀ngàn kí ẹnikẹ́ni má baà wọ̀ ọ́ mọ́. Ogún ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ pé! Ipò rẹ̀ ti bọ́ tipẹ́, kí ló dé tí wọ́n fi jẹ́ kí iyì rẹ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ wá wo alẹ́ ọgbọ̀njọ́ Oṣù Karùn-ún 2018, ní Las Vegas, eré kejì nínú àṣekágbá Stanley Cup. Braden Holtby, aṣọ́lé wa, ti pàdánù ipò rẹ̀ nígbà tí ìdíje ife bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn. Barry Trotz, akọ́nimọ̀ọ́gbá, fi Philipp Grubauer sílé. Nígbà tí nǹkan bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú eré kejì pẹ̀lú Columbus, wọ́n ní kí Holtby dìde. Nílé Vegas yìí, ó ku bí ìṣẹ́jú méjì, Capitals ní mẹ́ta, Vegas ní méjì. Puck ta padà lára ògiri ẹ̀yìn, wọ́n tì í sọ́dọ̀ Alex Tuch, ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú rẹ̀. Holtby wà lápá kejì. Ó fò, ó na ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀, ibi pẹlẹbẹ ọ̀pá náà ló dá puck dúró lórí ìlà. Ta ló sì gbá góòlù kẹta tó di góòlù ìṣẹ́gun? Brooks Orpik, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì, adènà tó ti pẹ́ tí a ti rí góòlù rẹ̀ gbẹ̀yìn nínú ìdíje ife. Aṣọ́lé tí wọ́n ti fi jókòó àti àgbà adènà, àwọn méjèèjì ló hù lálẹ́ kan náà. Ní ọjọ́ keje Oṣù Kẹfà, ife náà di tiwa fún ìgbà àkọ́kọ́.

Kí oṣù náà tó parí, wọ́n fi Orpik àti Grubauer ránṣẹ́ sí Colorado kí owó lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Colorado san owó fún Orpik, wọ́n fopin sí àdéhùn rẹ̀. Ní Oṣù Keje, Capitals ní kó padà wálé fún ọdún kan, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀ gan-an. Ó gbà. Inú mi dùn sí ìpadàbọ̀ yẹn bí ó ti dùn sí góòlù náà.

Àwọn àgbà babaláwo máa ń sọ pé Òfún ló jẹ́ àgbà ní ìbẹ̀rẹ̀, kó tó di pé Èjì Ogbè gba ipò náà. Lónìí, òun ló kẹ́yìn nínú ojú odù mẹ́rìndínlógún. Síbẹ̀, bí Òfún Méjì bá yọ lójú ọpọ́n, gbogbo ilé ló ń kí i ní "Hèèpà!" Mo ti rí i tí àwọn àgbàlagbà babaláwo tún ìjókòó ṣe nítorí rẹ̀. Wọn ò dá a padà sípò kìíní, wọn ò sì jẹ́ kí ipò kẹrìndínlógún gba ìkíni rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí Capitals ti ṣe, bí wọ́n ṣe ṣe Nicklas Backstrom ló sún mọ́ èyí jù lọ. Ovechkin fúnra rẹ̀ ló dúró lórí pèpéle ní 2006 tó pe orúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n yàn án. Òun náà sì ni Ovechkin kọ́kọ́ gbé ife fún ní 2018. Góòlù 762 ló là ọ̀nà fún àwọn ẹlòmíràn láti gbá wọlé, kò sẹ́ni tó tó o nínú ìtàn ẹgbẹ́ náà nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni ìbàdí rẹ̀ kọ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní 2022, ó padà wá, ó ń gbìyànjú, gbogbo wa ń rí i pé ẹsẹ̀ ò gbọ́ ti ọkàn mọ́. Ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kọkànlá 2023, lẹ́yìn eré mẹ́jọ péré, òun fúnra rẹ̀ ló yọwọ́. Kò sẹ́ni tó tì í. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ẹgbẹ́ títí àdéhùn rẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là ó lé díẹ̀ lọ́dún, fi parí ní 2025. Òfin líìgì gba ẹgbẹ́ láyè láti ná kọjá gbèdéke nítorí ẹni tó fara pa fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà wọ́n rí ọ̀dọ́ fi dí àyè rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lé e.

Bó bá kan Ovechkin, ohun tí mo fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ kékeré kan bá ń gbá a jù ú lọ lójú òbìrí apá òsì yẹn, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ọmọ náà síbẹ̀, kó sì ti ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Ovechkin kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́.

Ìtàn kan wà nínú Ìwòrì Méjì tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Ọ̀rúnmìlà pe àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́jọ jọ sí àjọ̀dún. Àwọn méje kí i bó ti yẹ. Ọlọ́wọ̀, àbíkẹ́yìn, kọ̀: ó ní ohun tí bàbá wọ̀ lòun wọ̀, adé tí bàbá dé lòun náà dé. Ọ̀rúnmìlà mú ọ̀pá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ sọ́run, ayé sì dàrú mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Kò padà. Ikin mẹ́rìndínlógún ló kó lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa bi í níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ Ọlọ́wọ̀ ni àwọn èèyàn sábà máa ń wò nínú ìtàn yìí. Ikin ni èmi máa ń wò: bàbá tó ń fi ìbínú lọ ṣì rántí fi ohun tí wọn yóò lò sílẹ̀.

Neal Henderson fi irú ohun bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nítòsí wa. Ní 1978 ló dá ẹgbẹ́ họ́kì àwọn ọmọdé sílẹ̀ ní Fort Dupont, Southeast Washington, kò jìnnà sí Pennsylvania Avenue kan náà tó gba Forestville kọjá. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí kò sẹ́ni tó rò pé wọ́n lè dúró lórí yìnyín ló kọ́. Ní 2019 wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ilé ọlá họ́kì Amẹ́ríkà. Duanté Abercrombie wà lára àwọn tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dìde. Ní 2024 Tennessee State University, ní Nashville, fi ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ họ́kì tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀. Àwọn òbí kan láàárín àwa Yorùbá níbí ti bi mí bóyá eré yìí lè gba ọmọ tiwọn. Fort Dupont ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú un lọ, kí ọmọ náà lè rí àgbà aláwọ̀ dúdú tó wọ bàtà yìnyín kó tó pàdé ẹnikẹ́ni tó máa sọ fún un pé eré yìí kì í ṣe tiwọn.