Bí Ààwẹ̀ Kò Bá Ni Wá Lára Mọ́, Ṣé Láádá Rẹ̀ Dín?

 

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, orí a máa fọ́ ẹni tó fi tíì àárọ̀ sílẹ̀, inú á sì máa kùn kí ọ̀sán tó pọ́n. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ara ti mọ́ ọn. Ẹ̀dọ̀ á kọ́kọ́ tú ṣúgà tó fi pa mọ́ sílẹ̀. Bí ìyẹn bá ń tán lọ, ara á yíjú sí ọ̀rá. Ọ̀pọ̀ nínú wa á wá máa bi ara rẹ̀ pé: "Ààwẹ̀ yìí ò ni mí lára mọ́. Ṣé mo ṣì ń gba láádá?"

Ẹ jẹ́ ká wo patanmọ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé mọ̀ ọ́n: ẹ fọwọ́ kàn án, á pa ewé rẹ̀ dé. Ní ọdún 2014, Monica Gagliano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n gbin patanmọ́ sínú ìkòkò, wọ́n ń jẹ́ kó já bọ́ láti ibi tí kò ga, léraléra. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń padé; nígbà tó yá, kò padé mọ́. Ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni? Rárá. Nígbà tí wọ́n mì ín lọ́nà mìíràn, ó tún padé. Ìjábọ́ tí kò pa á lára nìkan ló ti mọ́ ọn lára. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 28, síbẹ̀ kò gbàgbé.

Suuratul Bakọra, ẹsẹ 183, sọ ìdí tí a fi ń gba ààwẹ̀: ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni. Kò sọ pé ká lè jìyà. Nítorí náà, ìrọ̀rùn kì í ṣe àdánù. Ṣùgbọ́n ó gba àwáwí lẹ́nu wa. Bí a bá jágbe mọ́ ọmọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, a lè ní ebi ló fà á. Lọ́sẹ̀ kẹta ńkọ́?

Ewu kan tún wà níbẹ̀. Kí ebi tiwa mọ́ wa lára, kò burú. Kí ebi ẹlòmíì mọ́ wa lára, ó burú púpọ̀. Patanmọ́ ò dijú sí gbogbo nǹkan.

Ọjọ́ 28 kò ju Ramadan kan lọ. Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, tí ọjọ́ 28 bá kọjá, kí ni àwa ó ṣì rántí?

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa. Àmín.