Ogbègúndá àti ọkọ̀ tókúnbọ̀: ṣé ẹni tó dákẹ́ ti purọ́?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ò tíì tẹfá ṣùgbọ́n tí ẹ fẹ́ mọ̀ sí i, ọ̀rọ̀ tòní kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Odù tí a máa yẹ̀ wò ni Ogbègúndá. Ọjà títà ló mú un wá, pàápàá ọjà ọkọ̀ tókúnbọ̀ tí omi ti mu lókè òkun, tí wọ́n nù, tí wọ́n kùn, tí wọ́n wá tà fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ rò ni pé: bí ẹni tó ń ta ọjà bá mọ àléébù rẹ̀, tí kò sọ, ṣé irọ́ ló pa?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn náà. Nínú Ogbègúndá, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà nílé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí, kí kálukú yan tiẹ̀. Àwọn méjì àkọ́kọ́ ò dúró. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọn ò bá Àjàlá. Wọ́n wọ ibi tó kó orí sí, wọ́n mú èyí tó wù wọ́n lójú, wọ́n bá tiwọn lọ. Ọ̀kan nínú àwọn orí náà ò tíì jiná, èkejì ti fọ́, ojú lásán ò sì lè rí i. Òjò bá wọn lójú ọ̀nà. Ó nà wọ́n títí, orí ń yìnrìn, ó ń re dànù. Wọ́n dé ayé, wọ́n ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, wọn ò rí èrè.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà nílé bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó rú owó àti iyọ̀. Ó rú u, wọ́n sì fún un nínú rẹ̀ mú lọ. Oníbodè tó bá lọ́nà ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó fi iyọ̀ hàn án, oníbodè sì mú un dé ilé Àjàlá. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Olówó ló dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń pariwo gbèsè, Àjàlá sì ti sá sókè àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Nígbà náà ni Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó mú ọ̀pá irin, ó ń fi kan àwọn orí wò, títí tó fi rí èyí tó dún dáadáa. Òjò nà án lójú ọ̀nà, kò ṣe é ní nǹkan kan.

Àwa awo sábà máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni pé ká má kánjú, ká rúbọ, ká gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ojú àwọn tó wá ra ọjà nìkan la fi ń wò ó. A kì í sábà bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Àjàlá. Ó mọ̀ pé orí kan ò jiná. Ó mọ̀ pé orí kan ti fọ́. Ó kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn tó dára, ó sá sókè àjà, ó jẹ́ káwọn ọmọ ọlọ́mọ mú èyí tó wù wọ́n. Kò bá wọn sọ̀rọ̀ rárá, ká má tíì wá sọ pé ó purọ́. Ṣé ọwọ́ rẹ̀ wá mọ́?

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ tó jẹ́ tiwa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ìjì Harvey da omi bo Houston ní Amẹ́ríkà. Katrina ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní New Orleans ní 2005, Sandy ṣe é ní New York àti New Jersey ní 2012, Ian tún ṣe é ní Florida ní 2022. Lẹ́yìn irú ìjì bẹ́ẹ̀, iléeṣẹ́ adójútòfò á san owó fún ẹni tó ni ọkọ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ náà pé omi ti mu ún, wọ́n á sì lù ú ní gbàǹjo. Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí wọ́n lù ní gbàǹjo bẹ́ẹ̀ ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó àti Kútọnu. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, síbẹ̀ ẹ mọ̀ bí mo ṣe mọ̀ pé ọ̀nà Kútọnu ò dí. Ọkọ̀ á dé, ṣùgbọ́n ìwé tó sọ ìtàn rẹ̀ kì í sábà dé ọwọ́ ẹni tó máa wà á.

Omi inú ọkọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀, ọmọdé á rí i. Omi, pàápàá omi òkun tó ní iyọ̀, abẹ́ ìjókòó ló ń wọ̀, ó ń wọ inú ìdè wáyà, ó ń wọ kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Á gbẹ lójú, á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti inú. Ó lè tó oṣù mélòó kan kó tó hàn. Airbag tó yẹ kó tú gba àyà awakọ̀ nígbà ìjàǹbá lè má tú. Bó ṣe rí náà nìyẹn fáwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ra àlòkù ọkọ̀ ńlá tí wọ́n ń sùn sí nígbà ìsinmi: omi á ti jẹ igi ẹ̀yìn ògiri rẹ̀, wọ́n á lẹ pákó tuntun lé e, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀. Òjò ló tú àṣírí orí Oríṣẹ̀ẹ́kú, òjò kan náà ló ń tú tiwọn.

Irú ẹjọ́ yìí wá bá mi ní Imini níbí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ra Sienna láti máa fi kó èrò. Owó àjọ àti owó tó yá lẹ́gbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló kó lé e. Kò tó oṣù méjì, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lórí eré. Rewáyà tó tú u rí ẹrẹ̀ gbígbẹ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó rí wáyà tó ti pọ́n bí ewé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ kí ẹni tó tà á fún òun búra níwájú Ògún, torí irin lọkọ̀. Ẹni tó tà á ní òun ti ṣe tán: “Bàbá Awo, n ò purọ́ fún un. Kò bi mí bóyá omi wọ̀ ọ́, èmi náà ò sì sọ pé omi ò wọ̀ ọ́. Ó wò ó, ó wà á, ó sanwó.”

Ẹ rò ó wò. Tó bá fi ọ̀rọ̀ yẹn búra, òtítọ́ ló fi búra. Ìdí nìyẹn tí n ò fi gbé irin kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. A kì í fi Ògún ṣeré, bẹ́ẹ̀ la kì í fún ẹni tó mọ̀rọ̀ sọ láyè láti fi òtítọ́ díẹ̀ bo òtítọ́ ńlá.

Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe tuntun. Cicero ará Róòmù kọ ìwé kan sí ọmọ rẹ̀ ní ọdún 44 ṣáájú Sànmánì Kristi. Ó mẹ́nu ba ọkùnrin kan tó ń ta ilé: ejò wà ní gbogbo yàrá, igi rẹ̀ ti ju, ẹni tó ni ín nìkan ló sì mọ̀. Ọ̀mọ̀ràn kan tó ń jẹ́ Diogenes gbà pé ẹni tó ń ta ilé ò fipá mú ẹnikẹ́ni, àti pé àìsọ ọ̀rọ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú fífi í pamọ́. Antipater ní rárá, ẹni tó bá dákẹ́ ti mọ̀ọ́mọ̀ ti ẹlòmíì sínú kòtò. Cicero gbè sẹ́yìn Antipater. Òfin ọjà títà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893, tí wọ́n sì kó wọ ilẹ̀ wa, náà ya ohun tí ojú ẹni tó yẹ ọjà wò yẹ kó rí sọ́tọ̀ sí ohun tí ojú ò lè rí. Nàìjíríà wá ṣe òfin ààbò oníbàárà, FCCPA ti ọdún 2018, tó ní kí ẹni tó ń ta ọjà tí wọ́n tún ṣe jẹ́ kó hàn kedere sí ẹni tó ń rà á.

Ṣùgbọ́n ìdí tó lágbára jù wà nínú ẹ̀sìn tiwa. À ń sọ̀rọ̀ àkúnlẹ̀yàn. A gbà pé èèyàn ló kúnlẹ̀ tó yan orí tirẹ̀, ìyẹn la fi lè sọ fún un pé, “Ìwọ lo yàn án, fara mọ́ ọn.” Ó dáa. Yíyàn ló gbé ẹrù lé e lórí. Kí ni yíyàn wá jẹ́ bí wọ́n bá ti bo ohun tó ń yàn mọ́ ọn lójú? Ẹni tó gbà pé ọkọ̀ tí omi ò mu lòun ń yàn, tó sì gba èyí tí omi mu, kò tíì yan nǹkan kan. Ẹni tó fi àléébù pamọ́ jí owó, ó sì tún jí yíyàn. Kò wá lẹ́nu láti sọ pé, “Ìwọ lo mú un.”

Nítorí náà, oríṣi mẹ́ta ni mo rí. Àkọ́kọ́ ni ẹni tí kò mọ̀: ó rà á ní Kútọnu bó ṣe wà, ó tà á bẹ́ẹ̀. Kò purọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ èrè ẹni tó mọ ọjà, ó yẹ kó bá wọn pín nínú àdánù. Ìkejì ni ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́. Bó bá jẹ́ ohun tí ojú rí, kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dúró lójú pópó Fìdítì tó ń kígbe pé ọsàn òun kéré. Bó bá jẹ́ ohun tí òun nìkan mọ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó kó ọsàn rírà sísàlẹ̀ agbọ̀n. Ìkẹta ni ẹni tó bò ó. Ìyẹn ò tiẹ̀ dákẹ́ mọ́. Kápẹ́ẹ̀tì tuntun tó tẹ́ lé ẹrẹ̀ ti bá ẹni tó ń rà á sọ̀rọ̀ tipẹ́, ó ti sọ fún un pé, “Abẹ́ mi mọ́.” Irọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba ẹnu jáde.

Mo wá bi ẹni tó ta Sienna pé, “Ta ló pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì?” Ó ní òun ni, kó lè mọ́. Mo ní, “Omi ti ń bẹ níbẹ̀ nígbà tí ẹ ká ti àtijọ́ kúrò àbí kò sí?” Kò dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò á sọ pé, “Bàbá, òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Bí a bá ń ka àléébù sílẹ̀, ebi á pa wá.” Mo gbọ́. Ẹ padà sílé Àjàlá. Kí ló gbé e gun àjà? Gbèsè ni. Ẹni tí olówó ń lé kì í lè dúró kojú ẹni tó wá ra ọjà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ta tókúnbọ̀, owó èlé ló wà lọ́rùn wọn, owó aṣọ́bodè ń bẹ, owó èbúté ń gorí ara wọn. Ifá ò torí ìyẹn dá Àjàlá láre, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan hàn wá: ìgbà tí Afùwàpẹ́ san gbèsè ni òtítọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, ẹ̀yin náà ń dá kún un. Ọkọ̀ méjì jọra, ọ̀kan gbówó lórí torí ìtàn rẹ̀ wà nínú ìwé, èkejì pọ́ọ́kú, ẹ sá tọ pọ́ọ́kú lọ, ẹ ò bi í léèrè ìdí tó fi pọ́ọ́kú. Ẹni tó bá fẹ́ òtítọ́ á ná owó òtítọ́.

Ohun tí mo dá lẹ́jọ́ ni pé kí ẹni tó tà á gba ọkọ̀ rẹ̀, kó dá owó padà, tàbí kó san gbogbo owó àtúnṣe wáyà àti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó fara mọ́ ìkejì. Àwọn méjèèjì ò tíì máa kí ara wọn. Ọ̀rọ̀ tó dùn mí jù, ẹnu ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ló ti wá. Ó ní bí wọ́n bá tún un ṣe tán, òun á kùn ún, òun á gbé e lọ tà ní Ìlọrin níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Mo ní, “Ọmọ mi, nígbà tí o rà á, o ò mọ̀. Ní báyìí o ti mọ̀. Èèyàn méje ló ń jókòó nínú ọkọ̀ yẹn. Bí o bá tà á láìsọ, ìwọ ni Àjàlá, irin tí o ní kí n gbé fún ẹlòmíì ṣì wà níbẹ̀.” Ó dákẹ́, ó lọ. Ọkọ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di àsìkò tí mò ń kọ èyí.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì tí wọ́n ń mú dání láti yẹ ọkọ̀ wò, tí ẹ̀yin tún ń gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹni tó ń tà, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin lẹ di ọ̀pá irin Àjàlá mú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kan orí wò kí ẹ tó gbé e. Àwọn ìyá wa kì í ra ìkòkò láìfi ìka kàn án gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde dé òpin, ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo irin abẹ́ ìjókòó bóyá ó ti dípẹtà, ẹ wo inú iná iwájú bóyá omi ṣíṣú wà níbẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà ṣáàsí, tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, wá ìtàn ọkọ̀ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè lójúkojú, níwájú ẹlẹ́rìí: “Ṣé omi ti wọ ọkọ̀ yìí rí?” Nígbà náà, ẹni tó bá fẹ́ purọ́ á ní láti la ẹnu rẹ̀, Ògún á sì gbọ́.

Kí Ifá má jẹ̀ẹ́ ká ra orí tí kò jiná. Kó má sì jẹ̀ẹ́ ká tà á fún ọmọ ẹlòmíì. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.