Olúwa Ló Gbé Ẹsẹ̀ Yìí Ró

 

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọpẹ́ ni mo bá wá. Ṣójà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì, iṣẹ́ tí mo sì fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ ológun ni ti ọ̀gá tó ń darí ẹ̀ṣọ́ ìyẹ́sí. Ọ̀gá náà ló máa ń mú idà dání, tí gbogbo ẹ̀ṣọ́ á dákẹ́ de àṣẹ ẹnu rẹ̀. Bó bá ṣì í pè, gbogbo wọn ló ṣì í ṣe.

Nígbà tí ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wà ní Làìbéríà, ọta ìbọn bà mí nítan, egungun fọ́. Dókítà tó kọ́kọ́ rí mi ní kí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ìyàwó mi kọ̀ jálẹ̀, ó ní Ọlọ́run tó dá a kò tíì bá a ṣe tán. Dókítà mìíràn fi irin to egungun náà, ṣùgbọ́n ó ní bí mo tilẹ̀ rìn, n kò ní lè yan mọ́.

Ẹ má rò pé yíyan kíákíá ló le o. Yíyan pẹ̀lẹ́ ni iṣẹ́! Ẹsẹ̀ kan á wà lókè, ọ̀kan ṣoṣo tó kù ni gbogbo ara á gbára lé. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ tó lábùkù ti ń tú àṣírí ara rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé 15 Oṣù Kìíní la máa ń rántí àwọn ológun tó ti kú, nítorí ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí lọ́dún 1970. Ní ọjọ́ ìrántí náà lọ́dún kan, ní Tafawa Balewa Square l'Ékòó, èmi tí wọ́n ní n kò ní yan mọ́ ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá ẹ̀ṣọ́. Òòrùn mú. A máa ń kọ́ àwọn ọmọ ogun wa pé kí wọ́n máa mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nínú bàtà kí ẹ̀jẹ̀ lè gòkè, kí òòyì má baà kọ́ wọn ṣubú. Èmi náà ń mi tèmi, mo sì ń gbàdúrà. Fèrè ìdágbére dún, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Gómìnà fi òdòdó lélẹ̀, wọ́n yìnbọn, wọ́n tú ẹyẹlé sílẹ̀. Nínú ọkàn mi, mo ń pe orúkọ àwọn tá a jọ lọ sí Monrovia ní Làìbéríà tí wọn kò bá wa padà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo pàṣẹ yíyan pẹ̀lẹ́, tí èmi fúnra mi ṣíwájú, ẹsẹ̀ náà gbé mi láìgbọ̀n.

Ọlọ́run ni! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi, àti obìnrin tó ń na ẹsẹ̀ yìí fún mi nílé ìwòsàn, tí kò jẹ́ kí igbe mi dá òun dúró. Ọrẹ ọpẹ́ mi rèé. Mo bẹ ẹ̀yin alàgbà, kí ẹ kọ́kọ́ yọ ti àwọn opó ológun inú ìjọ yìí níbẹ̀, kí ẹ tó fi ìyókù ra páànù òrùlé.